Ẹni Ìkẹyìn Nídìí Ago Olúwa

Ìjọ wa ní Ketu fẹ́ràn aláìní. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Tàbí kí n kúkú sọ pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a gbé gàárì, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ lé orí, wọn a máa kọrin gba ọ̀nà oko tí ó lọ sí apá Alápẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi kùkùté igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a dúró. Wọn a sọ ẹrù kalẹ̀ sórí kùkùté náà, ìyá ìjọ a gbàdúrà kúkúrú, wọn a sì pẹ̀yìn dà kí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún tó jáde. Orin tí wọ́n bá kọ lọ náà ni wọ́n ń kọ bọ̀, àfi pé ẹsẹ̀ wọn a máa yá sí i nígbà àbọ̀.

Àbúrò ìyá mi ni wọ́n ń gbé oúnjẹ náà lọ fún. Ìyá Kékeré ni mo máa ń pè é. Adẹ́tẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ pé ó ti fìgbà kan jẹ́ adẹ́tẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ti dá kí ó tó padà wá bá wa. Ṣùgbọ́n ní Ketu ìgbà náà, ẹni tó bá ti ya adẹ́tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yà á náà nìyẹn. Àrùn lè lọ, ẹnu ayé kì í lọ.

N kò ì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni pé àmì kan ló kọ́kọ́ yọ sí i ní apá, wọ́n pè é ní làpálàpá, wọ́n ń fi ewé àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ọwọ́ rẹ̀ ń jó, òórùn ẹran sísun ń jáde, òun kò mọ nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ló pariwo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹrù rẹ̀ ti wà níta. Ìjọ gbàdúrà fún un, wọ́n sì bá a wá ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí yóò gbé e lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú adẹ́tẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí, láàrin pákó. Àwọn tí wọ́n sìn ín dé ojú títì juwọ́ sí i, wọ́n sì lọ wẹ̀.

Ọdún tí ìjọba sọ ìwé kíkà di ọ̀fẹ́ ló padà dé. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo ti bímọ, mo sì ń ránṣọ ní ilé ọkọ mi ní Ketu. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ létí òkúta máìlì kejìlá, ó sì tiro lọ sí Ìkòsí níbi tí ìyá mi ń gbé. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kákò, méjì nínú wọn ti gé kúrú. Ojú rẹ̀ ń dán, kò sí egbò lára rẹ̀ níbi kankan. Ó ní ìwé dókítà lọ́wọ́ pé àrùn ti tán, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n inú ilé ló ti ń sunkún, kò jáde, ó sì fi àga dí ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ilẹ̀ bàbá wọn pọ̀, kò sí ìdí tí wọn yóò fi há ara wọn mọ́ inú ilé kan. Wọ́n kọ́ ilé oníyàrá kan fún un ní ìpẹ̀kun oko ẹ̀gẹ́, níbi tí irà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn ibẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, wọn a ní ó wà ní oko, ó ń sinmi.

Èmi ni mo máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn mí fún un. Dókítà ní kò lè ràn mí, mo sì gba dókítà gbọ́ ju àwọn ará ilé wa lọ, ìyẹn náà ni gbogbo ìgboyà tí mo ní. Ọkọ mi kò dá mi lẹ́kun, àfi pé ó máa ń gbé omi ìwẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà dè mí, ọṣẹ lórí rẹ̀, kanrinkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa ń fi omi náà fọ aṣọ.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn olórin ti gbé oúnjẹ wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì ti sá lọ, mo bi í pé kí ló tún fẹ́ kí n bá a wá. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kiri nínú abọ́ nítorí ìka rẹ̀ kò ká a mọ́.

Ó ní, "Oúnjẹ wọn tó mi. Ọlọ́run á san án fún wọn."

Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn ni?"

Ó gbá ẹ̀wà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú abọ́. "Ìjọ yẹn, èmi náà wà lára àwọn tó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Ọmọge ni mí nígbà náà. Ibẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé mi lórí. Mo fẹ́ gba Ara Olúwa níbẹ̀ kí n tó kú. Kí n kúnlẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ń kúnlẹ̀ sí. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ kò gbà á ní ibùdó yẹn ni?"

"À ń gbà á. Ago kan náà ni gbogbo wa fi ń mu. Ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni gbogbo wa níbẹ̀, ọmọ mi. Adẹ́tẹ̀ ń bá adẹ́tẹ̀ jẹun, ta ni ìyẹn yà lẹ́nu?"

Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ nìyẹn. Mẹ́ta ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni gbogbo nǹkan wà. Bàbá ìjọ wà níbẹ̀, onílẹ̀ ni, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí òun tó wọlé. Ìyá ìjọ wà níbẹ̀, òun ló ń tọ́jú aṣọ pẹpẹ àti ago fàdákà, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ẹnì kẹta ni olùkọ́ ìjọ tí ó ń darí ìsìn fún wa, nítorí pé àlùfáà kò bá wa gbé. Láti Èkó ni wọ́n ti ń rán an wá ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fún wa ní Ara Olúwa.

Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìwé ọ̀fẹ́ kan sí agbègbè wa, ìjọ wa sì ń wá a lójú méjèèjì kí ó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Òjòta. Olùkọ́ ìjọ gbọ́ tèmi tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé ló wà nílẹ̀, pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Bàbá ìjọ wúkọ́. Olùkọ́ ìjọ wá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìgò ojú rẹ̀.

Bàbá ìjọ ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Ṣé kì í ṣe àwa là ń bọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìgbà tí òjò ṣí òrùlé rẹ̀, ta ló fi ewé ránṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. A dúpẹ́."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ago kan ṣoṣo la ní. Ẹnu gbogbo wa ló ń kàn án."

Mo na ìwé dókítà sí wọn. Olùkọ́ ìjọ fi orí ìka méjì gbà á, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí àga, kò dá a padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dára. Ìyá ìjọ ní dókítà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ara rẹ̀ ti dá. Èmi náà ń bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, àmọ́ ó lè dà á nù. Bó bá fẹnu kan ago yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ni nínú wa ni yóò mu tẹ̀lé e? Ṣé ìwọ ni?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi ọ̀bẹ ṣeré. "Ìwọ á mu. Lẹ́yìn tìrẹ ńkọ́?"

Bínú ṣe bí mi tó, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí mo bá mu tẹ̀lé Ìyá Kékeré, èmi náà ni wọn yóò máa sá fún. Ibẹ̀ ni bàbá ìjọ ti gbé orí sókè, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Kí gbogbo wa gbà á tán, kí òun wá wọlé. Kò ní sí ẹni tí yóò mu tẹ̀lé e." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé Olúwa náà kúkú ti sọ ọ́, ẹni ìkẹyìn ni yóò di ti ìṣáájú."

Ara gbogbo wọn wálẹ̀. Ìyá ìjọ ní lẹ́yìn ìsìn òun yóò fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ago náà, òun yóò sì se é nínú omi gbígbóná. Inú wọn dùn sí ara wọn débi pé olùkọ́ ìjọ fi àdúrà parí ìpàdé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fún ìjọ rẹ̀ ní ọkàn àánú. Inú èmi náà dùn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Títí di òní ni mo ń rò ó, bí àgbà mẹ́ta ṣe lè jókòó kí ọ̀rọ̀ yẹn má wá sí wọn lọ́kàn. Gbogbo ẹni tó bá ti gba Ara Olúwa nínú irú ìjọ wa mọ̀ pé wáìnì tí a ti yà sí mímọ́ kì í padà sínú ìgò, a kì í sì í dà á sílẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbà á tán, àlùfáà ni yóò mu èyí tí ó kù nínú ago. Yóò bu omi sí i, yóò ṣan án yíká, yóò sì mu omi náà pẹ̀lú. Níwájú wa ni ó ti máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àkókò náà ni a máa ń kọrin ìkẹyìn, tí olúkúlùkù ń wá fìlà àti gèlè rẹ̀, tí ọkàn ti ń lọ sí ìkòkò lórí iná. Ojú wa ń rí i, a kò kà á sí. Lójú wa, àlùfáà kì í ṣe ẹni tí ń mu nǹkan. Ẹni tí ń fúnni mu ni.

Wọ́n tún pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àlùfáà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán sí wa, kò mọ Ìyá Kékeré rí. Bàbá ìjọ bẹ̀rù pé bí ó bá gbọ́ pé adẹ́tẹ̀ wà nínú ìjọ, yóò sọ ọ́ ní Èkó, wọn yóò sì gbé ilé ìwé lọ sí Òjòta.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Kékeré pé wọ́n gbà, ó dìde, ó wọlé, mo sì gbọ́ tí ó ń kọrin nínú yàrá. Mo bá a rán aṣọ funfun kan, mo ṣe apá rẹ̀ gùn kí ó lè bo ọwọ́, torí ìyá ìjọ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ìyá ìjọ fúnra rẹ̀ wá kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe. Ẹ̀bá kùkùté ló dúró sí, ó fi igi fa ìlà sílẹ̀, ó ní kí Ìyá Kékeré dúró lẹ́yìn ìlà. Ó ní, "Pákó tí à ń fọwọ́ tì bí a bá kúnlẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ, kó o sínú aṣọ. Búrẹ́dì, ya ẹnu, jẹ́ kó fi sí i lẹ́nu. Ago, má dì í mú. Àlùfáà á tẹ̀ ẹ́ sí ọ lẹ́nu, mu díẹ̀, má fi ètè fà á." Ó ní kí ó kúnlẹ̀ kí òun wò ó. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, obìnrin tí ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó ya ẹnu sí afẹ́fẹ́. Ìyá ìjọ ní kò ya ẹnu tó, kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo sún síwájú kí n lè gbé e dìde, ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré yíjú sí mi, ó sì fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi náà pé. A kì í jẹun kí a tó gba Ara Olúwa, Ìyá Kékeré kò sì tilẹ̀ mu omi láti ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n gbé àpótí kan sí ìta, lábẹ́ fèrèsé, òun ni wọ́n ní kí ó jókòó lé. Mo jókòó tì í. Láti ibẹ̀ à ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé, bí a bá sì nàró a lè rí pẹpẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin àlùfáà náà mọ ìwàásù. Ó wàásù lórí ọkùnrin tí ó se àsè ńlá, tí àwọn tí ó pè kò wá, tí ó wá ní kí wọ́n lọ sí ìgboro lọ kó àwọn aláìní, àwọn arọ àti àwọn afọ́jú wọlé. Ó bi ìjọ pé bí irú wọn bá wọlé, ṣé ẹ ó sún fún wọn? Ìjọ ní àwọn yóò sún. Bàbá ìjọ ń ṣe àmín lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń yọjú wo Ìyá Kékeré láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tí ó rà fún ọdún. Mo bú u nínú ọkàn mi. N kò ní sọ ohun tí mo bú u.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ara Olúwa, àgbà ṣáájú, ọmọdé tẹ̀lé. Èmi náà wọlé lọ gbà tèmi, mo sì padà síta. Nígbà tí ẹni gbogbo ti padà sí àyè rẹ̀, olùkọ́ ìjọ yọ orí, ó sì mi ìka sí Ìyá Kékeré.

Ó wọlé, èmi sì nàró sójú fèrèsé. Àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó létí ọ̀nà ká ìró wọn mọ́ra. Ẹnì kan gbé ọmọ rẹ̀ bọ́ sí itan kejì. Ó tiro lọ títí dé iwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, kò fọwọ́ kan pákó, ó ya ẹnu. Àlùfáà rò pé arọ lásán ni, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí i dáadáa. Ó fi búrẹ́dì sí i lẹ́nu. Ó gbé ago sí i lẹ́nu. Gbogbo bí ìyá ìjọ ṣe kọ́ ọ ló ṣe é, àfi ohun kan: ó fi ètè fà á. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó wà lórí ìkúnlẹ̀, orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, àlùfáà sì ní láti fọwọ́ kàn án kí ó tó dìde.

Wọ́n dá orin sílẹ̀. Àlùfáà padà sídìí pẹpẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó gbé ago sókè, ó sì gbé e sẹ́nu.

Ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ rí i. Ohùn rẹ̀ já lórí orin. Bàbá ìjọ na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ gba nǹkan tó ń ṣubú, ọwọ́ náà sì wà lókè bẹ́ẹ̀. Àlùfáà mu ún tán. Ó bu omi sí i, ó ṣan án yíká, ó mu ìyẹn náà, ó sì fi aṣọ funfun nu ago. Àwọn tó wà lẹ́yìn nìkan ló ń kọrin nígbà náà. Iwájú ti dákẹ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń dun mí ní àyà.

Wọ́n ti ní kí Ìyá Kékeré má bá ìjọ gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, nítorí náà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la gbà. Ojú rẹ̀ tutù pẹ̀lú omijé, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn rí. Ó di apá mi mú. Kò dì mí mú rí láti ìgbà tó ti dé. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Ó mu ún. Ó mu ún tẹ̀lé mi."

Mo ní mo rí i.

"Ọmọdé yẹn, Ọlọ́run á gbé e ga. Wọ́n sọ fún un irú ẹni tí mo jẹ́, síbẹ̀ ó mu ún."

Ó rò pé àlùfáà mọ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé kò mọ̀?

Yàrá tí àlùfáà ti ń pààrọ̀ aṣọ ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí sí ẹ̀yìn. A ti ń gbọ́ ohùn bàbá ìjọ nínú rẹ̀, ohùn ẹ̀bẹ̀, ohùn ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀. Ó ti rò pé ó sàn kí àwọn fẹnu ara àwọn sọ ọ́ ju kí àlùfáà gbọ́ ọ níta. Ìgbà kan, ohùn náà dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, àlùfáà já síta pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn, ó tẹ̀ síbi ògiri, ó sì ti ìka bọ ọ̀fun.

Kò jẹun láàárọ̀, kò sí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Wáìnì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà búrẹ́dì. Ìyá ìjọ ti sáré lọ sílé, ó sì gbé igbá epo pupa dé, èyí tí a máa ń fún ẹni tó bá gbé májèlé jẹ. Ó gbé e sí i lẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ kejì pa á lẹ́yìn. "Ẹ mu ún, sà. Ẹ bì í jáde. Ẹ bi gbogbo rẹ̀." Àlùfáà mu epo, ó tún bì. Epo dà sí àyà aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tí ó gbé orí sókè láti mí, ó rí wa.

Ó wo Ìyá Kékeré. Ìyá Kékeré wò ó. Mo dúró de ohun tí yóò sọ, nítorí ó ti wàásù dáadáa. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì yí ojú sí ògiri.

Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé èérún búrẹ́dì yẹn kò gbọdọ̀ já sílẹ̀, pé bí ó bá já, ṣe ni a ó ṣà á, a ó jẹ ẹ́, a kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, nínú epo, kò sì sí ẹni tó wò ó. Adìẹ ìyá ìjọ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó wá síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jẹ. Ìyá ìjọ rí i, ó ṣe ṣíọ̀ọ̀, ó wá nǹkan tí yóò sọ lù ú.

Ìyá Kékeré bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò ga.

Ó ní, "Ẹ má lé e, mà. Ẹ jẹ́ kó jẹ. Òun nìkan ló bá mi jẹun lónìí."

Ó fi apá mi sílẹ̀, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà oko.

Kò sí ẹni tó dẹ́tẹ̀. Àlùfáà náà kò dẹ́tẹ̀, ó pẹ́ láyé, ó di ẹni ńlá. Wọ́n kọ́ ilé ìwé náà fún wa, àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ kò sì dá oúnjẹ dúró, orin wọn dùn bí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Kékeré kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà bá wá láti Èkó, bí mo bá gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, kì í jẹ ẹ́. Yóò ti wẹ̀, yóò ti wọ aṣọ funfun náà, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìfi nǹkan kan ẹnu títí tí yóò fi gbọ́ agogo ìparí ìsìn, nígbà náà ni yóò tó bọ́ aṣọ kí ó sì jẹun. Ọdún bíi mélòó kan ló fi ń ṣe é kí n tó lè bi í pé kí ni ààwẹ̀ náà wà fún. Ó ní bóyá wọn á ránṣẹ́ pe òun, kí wọ́n má baà bá òun nídìí oúnjẹ. Títí ó fi kú, wọn kò ránṣẹ́.